Ìwé Mọ́kànlá Bàbá Jálẹ̀

Ọjọ́ tí Bàbá Ọlálẹ́yẹ Adélékan kọ́kọ́ wọ ilé ìkàwé ní Finglas, ńṣe ló ná ìwé. Kò sí Yorùbá kan ní apá àríwá Dublin tí kò gbọ́ ìtàn náà. Àwọn tí wọn kò fojú kan bàbá rí pàápàá máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n tò sí lọ́jọ́ náà.

Òjò ló lé e wọlé. Kí wọ́n má baà rò pé òjò nìkan ló ń sá fún, ó mú ìwé kan tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí lẹ́yìn, ó gbé e lọ bá obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì iwájú. Fidelma lorúkọ obìnrin náà, ọmọ bíbí Finglas, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ogún ọdún.

"Màdáámù, èló lèyí?" Bàbá bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni, sà. Ẹ máa mú un lọ. Ẹ dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Bàbá gbé ìwé náà kalẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ta sípíà páàtì mọ́tò ní Gate, n'Ìbàdàn, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù nínú ọjà bí ọ̀fẹ́. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ṣí i láàárín, ó gbọ̀n ọ́n wò bóyá ewé kan á já bọ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kéré jù. Ẹ jẹ́ ó di mẹ́fà."

"Mẹ́ta ni òfin wí."

"Mo gbọ́. Ẹni tó ṣòfin ò mọ bí mo ṣe ń kàwé. Márùn-ún."

"Mẹ́ta, sà."

"Ọjà àkọ́kọ́ tí mo máa rà lọ́wọ́ yín nìyí, ẹ má lé mi lọ. Mẹ́rin àti ọjọ́ méjì."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti di márùn-ún. Fidelma wá ṣàlàyé fún un pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ku díẹ̀ kó pé, kó wá sọ fún òun, òun á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn kún un.

Bàbá ṣírò rẹ̀. "Ìyẹn á jẹ́ mẹ́fà."

"Á jẹ́ mẹ́fà."

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Mẹ́fà náà ni mo kọ́kọ́ pè." Ó fi ìwé sábẹ́ kóòtù, ó dúpẹ́, ó padà sínú òjò tayọ̀tayọ̀. Ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé kó tó rántí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò kan òun rí láyé.

Bàbá Jálẹ̀ la sọ ọ́. Bí àwa yòókù ṣe ń mú agboòrùn jáde nílé ni òun ń mú "Èló ni jálẹ̀?" jáde. Ní ilé ìtajà ńlá kan, ó dúró níwájú ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà fi ń sanwó fúnra wọn, ó ń bá a ná ìrẹsì. Ẹ̀rọ náà fèsì pé kó dúró de òṣìṣẹ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́. Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Ó ń lọ pe ọ̀gá rẹ̀."

Kì í ṣe ahun o. Ohun tó bá fi wákàtí kan ná, ìṣẹ́jú kan ló máa ń fi í tọrẹ. Ọ̀rọ̀ inú ọjà ló dùn mọ́ ọn, kì í ṣe ọjà. Ó ní ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ti fi ẹlòmíràn sílẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀, ìwà àìnítìjú sì ni.

Ọ̀rọ̀ náà ló sì wọ́n fún un ní Dublin. Nílé, n'Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Tíṣà ni obìnrin náà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Bí Bàbá bá ti ìsọ̀ dé, tó wẹ̀, tó jẹun, á jókòó, á di ojú, ìyàwó á sì ṣí ìwé Yorùbá kan, á máa kà á sí i létí. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìtàn bá dé ibi tí kò tẹ́ Bàbá lọ́rùn, á ní, "Dúró ná. Ọba yẹn ò gbọdọ̀ gbà." Ìyàwó á ní, "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kà á débẹ̀?" Ìgbà tí obìnrin náà kú, àwọn èèyàn kún ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì tú ká. Bàbá sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ pé òun kò lè dá ìwé kà títí di ìgbà yẹn. Ojú òun mọ lẹ́tà, àmọ́ etí òun ni ìwé ń gbà wọlé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adérìnsọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Blanchardstown, ló ní Dádì kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Ó mú un wá sí Finglas. Láàárọ̀, Adérìnsọ́lá á wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ Tẹjúmádé, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, á gba yunifásítì lọ, ilé á sì dákẹ́. Bàbá á bá kẹ́tùlù sọ̀rọ̀ títí, kẹ́tùlù á hó, òun náà á dákẹ́.

Ọmọ dáadáa ni Tẹjúmádé. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi ń dáhùn. Bí Bàbá bá ní, "Tẹjú, ṣé o ti jẹun?" á ní, "I'm grand, Grandad." Lọ́jọ́ kan Bàbá pè é jókòó láti dúnàá-dúrà.

"Bí mo bá bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́wàá, dá mẹ́fà lóhùn ní Yorùbá."

"Two, Grandad."

"Márùn-ún."

"Three."

"Èmi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì yẹn."

"Mẹ́ta," ni Tẹjúmádé wí.

Bàbá ní, "Ó dáa. O ti lo ọ̀kan."

Nítorí ìdákẹ́jẹ́ ilé ló ṣe ń lọ sí ilé ìkàwé lójoojúmọ́. Ilé ìkàwé náà dákẹ́ o, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó ní èèyàn nínú ni. Ó ń ka ìwé gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, títí ọkùnrin kan tó máa ń ka ìwé ìròyìn nítòsí fi sọ fún Fidelma pé bàbá yìí ń dún. Fidelma bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Bàbá ní ṣé kóun dín in kù sí ìdajì. Fidelma ní kó dín in kù pátápátá. Wọ́n fẹnu kò sí ìdámẹ́rin.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì dà. Ó gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún Fidelma nínú kúlà. Fidelma wò ó, ó ní, "Ah no, you're grand." Ní Dublin, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé, ẹ ṣé, mi ò ní jẹ. Bàbá gbọ́ "grand", ó rò pé wọ́n ń yìn òun ni, ó bá ṣí kúlà. Fidelma tún ní, "Honestly, you're grand." Bàbá ní, "Ẹ̀yin náà, grand ni yín," ó sì bu ẹlẹ́ẹ̀kejì sí i.

Fidelma jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè.

Ìgbà tí wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán lẹ́ẹ̀kẹta ni Fidelma bi í pé irú ìwé wo ló fẹ́ràn gan-an. Bàbá sọ ti ìyàwó rẹ̀ fún un. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Dublin. Ó sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń rí bí ìtàn bá dé ibi tó le, àti bó ṣe máa ń fi itọ́ ra ìka kó tó ṣí ewé. Ẹ̀yìn náà ló wo yíká, ó ní, "Ẹ ò ní ìwé Yorùbá kankan níbí?"

Fidelma ní kò sí. Ti Pólándì wà, ti Ròmáníà wà, ti Ṣáínà náà wà.

"Ta ló bá wọn ná an?"

"Wọ́n kàn bèèrè ni, sà. Àwọn tó ń ra ìwé fẹ́ mọ̀ pé àwọn èèyàn máa kà á. Bí ẹ bá rí ogún orúkọ, mo lè kọ̀wé sí wọn."

"Ogún kéré," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ó di ogójì." Nínú gbogbo ayé rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan la gbọ́ pé ó fi kún iye tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ bá Pásítọ̀ Olúníyì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí a ń lò láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní Finglas. Ó ní òun fẹ́ bá ìjọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pásítọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Bàbá ní ó dáa, méjì náà tó. Ó lo mẹ́tàdínlógún.

"Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fi gẹ̀ẹ́sì dá lóhùn nílé, ẹ nawọ́ sókè," ló wí. Ọwọ́ gbogbo ìjọ lọ sókè, títí kan ti Pásítọ̀. Bàbá ní, "Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ lásán. Ẹ fi mú bírò." Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kó dé ọ̀dọ̀ Fidelma, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ọmọ Gánà kan tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ìsìn.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí ìwé tó dé. Mọ́kànlá ni. Fidelma ṣí páálí náà níwájú Bàbá, Bàbá sì ń gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka orúkọ wọn jáde, kò dín ohùn kù rárá. Ọkùnrin oníwèé ìròyìn gbójú sókè, ó wo ojú Bàbá, ó tún tẹrí ba. Wọ́n to àwọn ìwé náà sórí pẹpẹ kan tí wọ́n dá yà sọ́tọ̀ fún wọn.

Fidelma wá sọ èyí tó le. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún wọn. Bí àwọn èèyàn kò bá yá wọn, wọ́n á kó wọn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ìwé méjì péré ló jáde. Bàbá ló yá méjèèjì.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn burú. Iṣẹ́ ló gbà wọ́n. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú kì í wá ìwé, ibùsùn ló ń wá. Ṣùgbọ́n Bàbá dúró níwájú pẹpẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ṣe é bíi pé wọ́n ti ń kó wọn lọ lójú rẹ̀. Ó sọ fún Adérìnsọ́lá pé, "Bí wọ́n bá kó wọn lọ, wọn ò ní rà á mọ́. Wọ́n á ní àwọn Yorùbá ò kàwé. Ìyá rẹ á gbọ́ ọ." Adérìnsọ́lá ní kí Dádì má da ara rẹ̀ láàmú, kó mu tíì. Bàbá mu tíì náà, ó sì mú ìwé orúkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé kiri láti ilé dé ilé.

Ilé Ìyá Ìdùnnúolúwa ló fi ìwé kan sílẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà lọ.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ ti kà á tán?"

"Mo ti kà á tán, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an ni."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ojú ewé ogún?"

Ìyá Ìdùnnúolúwa mí kanlẹ̀. "Bàbá, Olúwa tóbi."

"Ó tóbi. Kí ló ṣe níbẹ̀?"

"Ó dá wọn nídè."

"Ìyá Ìdùnnú," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́, "ìwé bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́ ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán, ojú rẹ̀ ti rọ. Ó ní, "Bàbá, mo ṣí i. Mo wò ó. Ọdún méjìlélógún nìyí tí mo ti ka Yorùbá gbẹ̀yìn. Mò ń kà á, kò dùn lẹ́nu mi. Ó dà bí ohùn ẹlòmíràn. Ni mo bá pa á dé."

Bàbá kò dá a lẹ́bi. Ó jókòó tì í, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á sí i létí, ìwé ẹ̀gẹ́ o, láti orí bí wọ́n ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ títí dé orí bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Ìyá Ìdùnnúolúwa di ojú. Ó ní òun rí oko bàbá òun ní Ìsẹ́yìn kedere.

Báyìí ni ìwé kíkà ọjọ́ Sátidé ṣe bẹ̀rẹ̀. Fidelma fún wọn ní igun àwọn ọmọdé, wákàtí kan, tí Bàbá ná di wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Èèyàn márùn-ún ló wá ní Sátidé kìíní. Ní ìkẹrin, wọ́n ti di mẹ́rìnlá, àga ńlá kò sì tó mọ́. Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí àga jẹ́lé-ó-sinmi, eékún wọn kan àgbọ̀n, Pásítọ̀ Olúníyì sì ni ẹni tó ga jù nínú wọn.

Bàbá kì í ka ìwé bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìtàn kan wà tí ìyá arúgbó kan ti kú lọ́jọ́ Ajé. Ìgbà tí Bàbá kà á dé ọjọ́ Ajé, ìyá náà ṣì ń jẹ ẹ̀kọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó lọ kí àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan tó ti yá ìwé náà kà nílé ní, "Bàbá, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló kú." Bàbá wò ó lókè gíláàsì, ó ní, "Mo mọ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ẹtì."

Tẹjúmádé ló máa ń wakọ̀ gbé e lọ. Inú ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí dè é, pẹ̀lú fóònù. Bàbá kò fipá mú un wọlé rí.

Ní oṣù kẹrin ni àárẹ̀ dé. Ọkàn Bàbá ti rẹ̀, ojú rẹ̀ náà kò sì mú ìwé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tó sì ń bèèrè láàárọ̀ ni, "Mélòó ló jáde?" Tẹjúmádé á pe Fidelma lórí fóònù. "Four, Grandad." Bàbá á ní, "Ó ku méje," á yíjú sí ògiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Tẹjúmádé bá a tó ń fi ọwọ́ pa ìwé kan lẹ́yìn bí ẹni ń fi ọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó gba ìwé náà, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ó ń kà á bí ẹni ń rìn nínú òkùnkùn, ohùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìlà. Ó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé obìnrin kan gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó gba oko lọ. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ló wà nínú ìwé. Ọkọ tó fẹ́ obìnrin sílé ló jáde lẹ́nu Tẹjúmádé.

"Obìnrin yẹn lágbára," ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ ní dídì.

Tẹjúmádé ń bá a lọ. Ó ní obìnrin náà dé oko, ó di ọkọ rẹ̀ mú dáadáa, ó sì fi gbẹ́ ilẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

"Kí ni ọkọ náà wí?" Bàbá bi í.

Ibẹ̀ ló ti yé Tẹjúmádé. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé wá wo ẹ̀rọ tó wà lára Bàbá. Bàbá ní kó má ṣèyọnu, ọ̀rọ̀ ìdílé ni.

Ìgbà tí wọ́n dákẹ́, Bàbá ní kí Tẹjúmádé lọ kàwé fún wọn dípò òun ní Sátidé.

"Grandad, I can't. Wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kí lo rò pé wọ́n ń bá wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Tẹjúmádé lọ. Ó ka ìtàn ọkọ́ náà, ó sì tún ṣì í kà níbi kan náà, nítorí ẹ̀rù ń bà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àmọ́ Ìyá Ìdùnnúolúwa dìde lórí àga kékeré rẹ̀, ó bá a pe ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wọn bá a pè é, wọ́n sì ń kà á lọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mẹ́rìndínlógún sí ìwé kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó ti Bàbá, ó sọ gbogbo bó ṣe lọ fún un. Yorùbá ló fi sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Bàbá di ojú, ó ń gbọ́. Kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kan náà ni Adérìnsọ́lá rí ìgboyà láti bi í léèrè ohun tó ti ń wúwo lọ́kàn rẹ̀. "Dádì, bí ọjọ́ bá pé, ṣé ẹ fẹ́ kí a gbé yín lọ sílé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá?"

Bàbá dá a lóhùn. "Ìyá rẹ ò sí nínú ilẹ̀ yẹn. Ibi tí o bá lè máa wọ bọ́ọ̀sì wá ni kí o sin mí sí."

Adérìnsọ́lá dúró dè é pé kó fi nǹkan kún un, tàbí kó yọ nǹkan kúrò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kú ní Ọjọ́bọ̀. A sin ín nínú òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Fidelma wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin oníwèé ìròyìn. Orúkọ ọkùnrin náà ni Declan. Kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n nínú wa títí di ọjọ́ yẹn. Ó sọ fún Pásítọ̀ pé ilé ìkàwé ti dákẹ́ jù báyìí, òun kò lè gbádùn ìwé ìròyìn òun mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú, oṣù mẹ́fà àwọn ìwé náà pé. Adérìnsọ́lá wà ní ìsinmi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò tíì wọ ilé ìkàwé yẹn rí. Lójoojúmọ́ tí Dádì rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, òun wà níbi iṣẹ́. Ó wọlé, ó ní kí Fidelma fi pẹpẹ ìwé Yorùbá han òun.

Pẹpẹ náà ṣófo. Kò sí ìwé kan lórí rẹ̀.

Adérìnsọ́lá gbé ọwọ́ lé igi náà. "Wọ́n ti kó wọn lọ?"

"Rárá o," ni Fidelma wí. "Wọ́n wà nílé àwọn èèyàn. Mọ́kànlá ló jáde. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti wà níta, bí ọ̀kan bá ṣe ń wọlé ni ẹlòmíràn ń gbà á. Àwọn ọ̀gá ti kọ̀wé, wọ́n ní kí a fi wọ́n sílẹ̀."

Adérìnsọ́lá ní òun náà fẹ́ yá ọ̀kan. Fidelma wo kọ̀ǹpútà. Ó ní ó máa ní láti dúró díẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ló wà níwájú rẹ̀. Adérìnsọ́lá ní òun á dúró, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ jókòó díẹ̀?" Fidelma bi í. "Ibi tó máa ń jókòó sí nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò gbà kí n sún un sí ibòmíràn, bó ti wù kó tutù tó. Bí aago márùn-ún ààbọ̀ bá kọjá díẹ̀, á ṣàdédé pa ìwé dé, á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, á máa sáré lọ sílé. Mi ò mọ ohun tó ń lé e."

Adérìnsọ́lá jókòó. Ó wo ìta. Ní òdì kejì títì, ibi tí bọ́ọ̀sì Blanchardstown ti ń já èèyàn sílẹ̀ ló wà níbẹ̀ gan-an, kò sí ohun tó bò ó. Níbẹ̀ lòun ti ń sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó rántí bí ilẹ̀kùn ilé ṣe máa ń ṣí kóun tó yọ kọ́kọ́rọ́, tí Dádì á dúró síbẹ̀, á ní, "O ti dé," á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Òtútù Dublin lòun rò pé ó ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun ra oògùn ikọ́ fún un.

Bọ́ọ̀sì kan dé, ó dúró. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpò wọn, Adérìnsọ́lá sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá.